Kí Ni Oníìyẹ́ Sọ Gan-an?

Nígbà tí mo kéré débi pé èjìká ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbọ́dọ̀ gùn kí n tó lè rí aṣọ funfun tí wọ́n ta mọ́ ògiri, ọkùnrin kan máa ń gbé sinimá wá láti Èkó sí ìlú wa nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, ní ọ̀sán Sátidé. Á gbé ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé, gbogbo wa á sì rọ́ wọlé pẹ̀lú àpótí ìjókòó wa lórí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo fíìmù lórí fóònù nínú ọkọ̀ ojú irin láti Heathway ní London níbí títí dé ibi iṣẹ́, ẹ ò lè mọ bí inú wa ṣe máa ń dùn tó. Láti ọjọ́ Ẹtì ni oúnjẹ kì í ti í lọ lọ́nà ọ̀fun wa.

Fíìmù Amẹ́ríkà ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé oríṣi kan ṣoṣo ni. Àwọn òyìnbó oníbọn tó ń gun ẹṣin wà níbẹ̀, tí wọ́n dé fìlà etí gbòòrò, káúbọ́ì là ń pè wọ́n. Àwọn kan sì tún wà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí, tí wọ́n máa ń hó yèè sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Àwa fúnra wa la sọ àwọn yẹn lórúkọ, a ní Oníìyẹ́ ni wọ́n. Kí fíìmù tó parí, Oníìyẹ́ á ti kú bí ewé, àwa á sì máa pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta wá. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń pa wọ́n. Wọ́n ń hó yèè, ìyẹn ti tó.

A ò gbọ́ òyìnbó nígbà yẹn. Àbúrò ìyá mi kan, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ló ka ìwé mẹ́fà, òun ló sì máa ń túmọ̀ fíìmù fún wa. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun náà, á gbé àrọ tí àwọn oníkẹrosíìnì fi ń rọ epo sẹ́nu kí ohùn rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn. Bí káúbọ́ì bá ti sọ̀rọ̀, á ní, "Ó ní kó gbé ẹṣin wá!" Ọ̀rọ̀ káúbọ́ì, ó ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Ti Oníìyẹ́ kì í ṣe òyìnbó rárá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa, mo sì rò ó lónìí pé àwọn tó ṣe fíìmù náà pàápàá kò bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá mi kò lè dákẹ́, torí ariwo "Kí ló wí? Kí ló wí?" ló máa ń gba gbọ̀ngàn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu láti inú ara rẹ̀. Ohùn tó sì fún àwọn Oníìyẹ́ ni ohùn ará òkè.

Ará òkè la máa ń pe àwọn Èkìtì tó máa ń wá bá wa ro oko nígbà yẹn, kì í sì í ṣe orúkọ tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Bí Oníìyẹ́ bá la ẹnu, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á lókè lọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Fíìmù kan wà tí àwọn káúbọ́ì ti sun àgọ́ wọn níná, obìnrin Oníìyẹ́ kan sì ń sáré, ó gbé ọmọ dání, ó ń kígbe. Àbúrò ìyá mi gbé àrọ sẹ́nu, ó ní káúbọ́ì ní, "Ẹ lọ sílé yín!" Ó ní obìnrin náà dáhùn pé, "Ọ̀gá, a ò ní ulé o!" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi já bọ́ lórí èjìká ẹ̀gbọ́n mi.

Nínú yàrá ẹ̀yìn àgbàlá wa, bàbá Èkìtì kan ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Iṣẹ́ oko ló ń ṣe fún àwọn èèyàn, bàbá mi sì fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn odò tó fi ń gbin iṣu tirẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá sun iṣu láàárọ̀, á gé èyí tó jóná díẹ̀ sọ́tọ̀ fún mi, torí ó mọ̀ pé òun ni mo fẹ́ràn. Ọmọ rẹ̀ àti èmi jọ wà ní kíláàsì kan náà. Kò sí ẹni tó mọ ìwé kà tó o nínú wa. Tíṣà á ní kó dìde, á sì ka ojú ìwé kan láìkọsẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè rẹ̀ yẹn, àwa tí a ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ á máa wò ó bí ẹni ń wo àrà.

Lẹ́yìn fíìmù obìnrin tó gbé ọmọ dání yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Oníìyẹ́. Tíṣà ní kó dìde kàwé, bó ṣe la ẹnu báyìí, àwọn ọmọ na ìka bí ìbọn sí i, "Kàù! Kàù!" Wọ́n ní, "Lọ sílé yín!" Tíṣà na àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀ bó ṣe ń nà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ náà dìde, á dìde, kò sì ní la ẹnu mọ́. Wọ́n tìtorí ẹ̀ nà án pẹ̀lú.

Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá sí gbọ̀ngàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dúró sẹ́yìn, fìlà lọ́wọ́. Ó wo fíìmù náà dópin, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń dìde, ó lọ bá àbúrò ìyá mi, ó kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Àwọn tó fi ìyẹ́ sórí yẹn, kí ni wọ́n sọ gan-an?" Àbúrò ìyá mi wo ojú àwọn tó yí i ká, ó ní, "Bàbá, ta ló mọ̀?" Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá náà ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn, a jí lọ́jọ́ kan, yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ ò ro oko rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: iṣu rẹ̀ wà nínú ebè, ó kù díẹ̀ kó tó gbó. Àgbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní bóyá wọ́n ránṣẹ́ pè é nílé. A dúró dè é títí, nígbà tí kò dé, a wa iṣu náà, a sì jẹ ẹ́. Ó dùn.

Mo dàgbà, mo wá sí ìlú òyìnbó, mo rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Dagenham nígbà tí ó ṣì kún fún èrò. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, mo ń bọ̀ láti ọjà ní Heathway, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó mẹ́ta tó fá orí kodoro na ìka sí mi láti òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ní, "Go home!" Mo dúró bí òpó. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló dá mi dúró. Ìka wọn ni mò ń wò. Mo mọ ìka yẹn.

Láti ìgbà náà ni n kò ti lè jókòó gbádùn fíìmù Amẹ́ríkà mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwọn ọmọ mi á ní, "Daddy, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù ní peace." Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó ní peace? Bí ènìyàn dúdú kan bá wà láàárín wọn, tó ń ṣàwàdà, tí gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, màá ní, "Ẹ máa wò ó, wọn ò ní pẹ́ pa á." Kó tó di pé ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ wa tán, ó ti kú. Bó bá jẹ́ ará Mẹ́síkò ni, yálà ó ń tọ́jú ọgbà olówó tàbí ó ń gbé oògùn olóró. Ará Ṣáínà á máa tẹríba tàbí kó máa fò sókè jà. Lárúbáwá ò ní pẹ́ kígbe kí nǹkan tó bú gbàù. Ọmọ Ítálì á jẹun yó, á sì lọ yìnbọn pa ẹnì kan. Obìnrin dúdú tó sanra ni yóò máa gba òyìnbó tí inú rẹ̀ bà jẹ́ nímọ̀ràn nínú ilé ìdáná, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í ní ilé tó ń padà sí. Mo wá kàwé, mo wá mọ̀ pé àwọn Oníìyẹ́ tí a ń lé lọ sílé gan-an ni onílé ní Amẹ́ríkà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú fíìmù, ẹni tí wọn ò fún ní ọ̀rọ̀ sọ ni mò ń wò, kì í ṣe ẹni tó ní ìbọn.

Ẹ ó wá rí i pé nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé òun ti rí iṣẹ́ nínú fíìmù Amẹ́ríkà, inú mi dùn, ara sì fu mí, méjèèjì pa pọ̀. Barking, nítòsí Dagenham, ni wọ́n bí i sí. Ó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tó ti ń sá kiri láti ṣe ìdánwò eré níbi tí wọ́n ti máa ń sọ fún un pé àwọn á pè é. Wọn kì í pè é. Àwọn yìí pè é. Wọ́n wá ya fíìmù wọn ní London níbí, wọ́n á fi òpópónà London ṣe Amẹ́ríkà, òun á sì jẹ́ obìnrin Áfíríkà kan tí ọlọ́pàá ń lé kúrò nínú ilé. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wòlíì ìjọ wa ní kó kúnlẹ̀ pẹ̀lú pépà iṣẹ́ náà lọ́wọ́, gbogbo wa nínú sùtánà funfun ké halelúyà méje lé e lórí. Èmi náà ké e. Ṣùgbọ́n ojú mi kan là sílẹ̀, pépà yẹn ni mò ń wò.

A parí ìsìn, ó tẹ̀ lé mi wá sílé, ó ní kí n bá òun wo bí òun ṣe ń sọ ọ́. Mo gba pépà náà. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n ti yọ gbogbo ìyókù. Mo ní, "Àwọn tó kù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà tí o bá ń sọ èyí? Ta ló ń rẹ́rìn-ín?" Ó ní, "Grandpa, jọ̀ọ́, báyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é." Mo ní, "Mo mọ̀. Ìyẹn ni mò ń sọ." Ló bá tan fóònù rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tó fi ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n fi gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn mi ni mo gbọ́. Òyìnbó tèmi gan-an, bí mo ṣe ń fi èdè Ìjẹ̀bú gbé e, bí mo ṣe máa ń mí kanlẹ̀ kí n tó bínú, ó wà lẹ́nu ọmọ ọmọ mi láìyingin. Ó ní òun kọ́kọ́ lo òyìnbó tòun, ti àwọn ọmọ Dagenham, wọ́n ní kò dún bí Áfíríkà tó. Òun bá rántí mi. Mo bi í léèrè, "Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?" Ó ní, "Grandpa, they loved it!" Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Mo jókòó, mo sì di ará òkè nínú ilé ara mi.

Ló bá ní ó ku ibì kan. Nísàlẹ̀ pépà náà, níbi tí ọlọ́pàá ti ń fà á jáde, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin náà kígbe ní èdè Áfíríkà. Wọn ò kọ ohun tó kígbe. Ó ti bi wọ́n, wọ́n ní kó sọ ohunkóhun tó bá wù ú, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní, "So, kí ni kí n sọ? Something quick, Grandpa."

Ohunkóhun tó bá wù ú. Bí ẹni rí àbúrò ìyá mi nínú yàrá mi pẹ̀lú àrọ rẹ̀ ló rí fún mi. Mo ní kó pa fóònù. Mo sọ ìtàn tí mo ń sọ fún yín yìí fún un, láti orí aṣọ funfun títí dé orí iṣu. Nígbà tí mo dé ibi kíláàsì, mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà níṣàájú, pé àwọn ọmọ kíláàsì na ìka sí i. Kò jáde. Ojú ọmọ ọmọ mi ni kò jẹ́ kó jáde. Mo bá sọ òótọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ na ìka. Èmi tí mò ń jẹ iṣu bàbá ọmọ náà láràárọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ ní "Kàù," torí pé ojú ń tì mí pé ó mọ ìwé ju mí lọ, torí pé gbogbo kíláàsì mọ̀ pé a jọ ń gbé inú ilé kan, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pe èmi náà ní Oníìyẹ́. Ọmọ bàbá Èkìtì yẹn wò mí, èmi nìkan, kì í ṣe àwọn yòókù. Ó ní, "Èmi náà ní ulé." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ní kíláàsì nìyẹn.

Ọmọ ọmọ mi mú pépà rẹ̀, ó ní, "Màá sọ ìyẹn." Ó bi mí bóyá "ilé" ló yẹ kí òun sọ, torí àwọn ọ̀rẹ́ òun tó gbọ́ Yorùbá á ní òun ò mọ̀ ọ́n sọ. Mo ní bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ ni kó sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á, mo rí i. Bí àwọn tó pè é bá béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, tí kò sì tẹ́ wọn lọ́rùn, ọdún mẹ́rin ti wọmi nìyẹn. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Òyìnbó yẹn náà, màá sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ gan-an. No jokes." Omi ti wà lójú mi.

Wọn ò béèrè ìtumọ̀. Ó ní wọ́n ní ó dára, ó dún dáadáa, wọ́n sì kọjá sí òmíràn.

Fíìmù náà jáde lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. A lọ wò ó ní ilé sinimá ní ọ̀sán, èmi àti òun. Ìyá òyìnbó kan tó ti dàgbà jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó gbé gúgúrú lé itan. N kò fi bẹ́ẹ̀ wo fíìmù náà. Ojú àwọn èèyàn ni mò ń wò. Ọmọ ọmọ mi yọ lójú ìran, ó la ẹnu, òyìnbó mi jáde, ìyá yẹn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo yí ara mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ṣé o rí i, n kò sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ọmọ mi tó jókòó lọ́wọ́ òsì mi mí kanlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn.

Ibi tí wọ́n ti fà á jáde dé. Ọlọ́pàá méjì mú un lápá, ó yíjú sí wa, ó sì kígbe pé, "Èmi náà ní ulé!" Nísàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ ní òyìnbó pé obìnrin náà ń sọ èdè àjèjì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìran náà kọjá, fíìmù ń lọ, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá òyìnbó náà wá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó tọrọ àforíjì, ó ní bóyá mo gbọ́ èdè yẹn, kí ni obìnrin yẹn sọ gan-an? Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo ń wá ẹ̀rín nínú rẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. N kò rí i. Mo sọ fún un pé ó ní òun náà ní ilé. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú gúgúrú rẹ̀, ó ní, "Well, 'course she has."

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, ẹni tí ó gba àrọ ló ní ọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n sì fi ṣẹ̀sín á dúró sẹ́yìn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Lónìí, ọmọ tiwa ló wà lójú aṣọ funfun náà, àwa tí a gbọ́ èdè sì wà lórí ìjókòó. Síbẹ̀, ara mi kò tíì balẹ̀. Àwọn tó ni fíìmù kò tíì béèrè, wọ́n kọ ọ́ pé èdè àjèjì ni, ó sì tán. Ẹ máa fojú sílẹ̀ bí ẹ bá ń wò ó, ẹ máa wo ẹni tí wọn ò fún ní ọ̀rọ̀, kí ẹ sì kíyè sí ìka tiyín náà.

Ṣùgbọ́n mò ń rántí bàbá Èkìtì yẹn bó ṣe kí àbúrò ìyá mi dáadáa kó tó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n sọ gan-an, gbogbo gbọ̀ngàn sì fi ẹ̀rín dáhùn pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì, pé òun náà ní ulé, mo sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.